Apá àbúrò mi ń súnkì lẹ́yìn tí iná jó o: ṣé ká máa nà á ni, àbí ká fi í sílẹ̀ kó sinmi?

Àkànkẹ́ Aláṣọ (Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin, Àjàní, iṣẹ́ irun gígẹ̀ ló ń ṣe ní Mọ́níyà. Nínú oṣù Èrèlé, alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, oníbàárà kan wà lórí àga, orí rẹ̀ ti dé ìdajì. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ, epo inú rẹ̀ sì ti fẹ́ tán. Àjàní ò fẹ́ kí iná kú mọ́ oníbàárà lórí, kò pa á, ó kàn gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń da bẹntiróò sí i bẹ́ẹ̀. Iná gbá a láti ọwọ́ ọ̀tún dé abíyá, ó gba àyà, ó gun ọrùn dé abẹ́ àgbọ̀n. Àwọn ará àdúgbò sáré fi yẹ̀pẹ̀ pa iná náà, wọ́n wá ń fọ́ ẹyin tútù lé e lára, ẹyin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kéréètì kan. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń fi omi àti gọ́ọ̀sì họ ẹyin tó ti gbẹ kúrò lára àbúrò mi. Igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn ṣì ń jí mi lójú oorun.

Dókítà ní ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ ló jóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la lò ní ọsibítù. Wọ́n bó awọ itan rẹ̀ méjèèjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ àti ọrùn. Mo ta gbogbo ìdì àńkárá tí mo ti kó pamọ́ de ọdún Iléyá, ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, màámi ta ilẹ̀ kan tí bàbá wa fi sílẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ní báyìí, egbò ti jinná. Gbogbo èèyàn ló ń kí wa kú oríire. Gbági ni mo ti ń ta aṣọ, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ bí àńkárá olówó pọ́ọ́kú ṣe máa ń ṣe tí omi bá kàn án nígbà àkọ́kọ́: ẹ ra yáàdì mẹ́fà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ wá wọ̀n ọ́n, kò pé mẹ́fà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ àbúrò mi ń ṣe. Lọ́jọ́ tí a kúrò ní ọsibítù, ó ń gbé apá ọ̀tún dé èjìká. Lónìí, ọwọ́ yẹn ò kọjá àyà. Àgbọ̀n rẹ̀ ń sún mọ́ àyà, tó bá fẹ́ wo ojú mi, gbogbo ara ló fi ń yí. Awọ abíyá rẹ̀ ti nà bí ìyẹ́ àdán, etí awọ náà le bí okùn. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ló fi ń di kílípà mú o.

Físíò, ẹni tó ń bá wọn na iṣan àti oríkèé, ti fún un ní splint, ohun líle tí wọ́n ń dè mọ́ ara kó má bàa ká, POP tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, pé kó máa fi sùn, ká sì máa na apá àti ọrùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wa wà. Bó bá ti ń kérora lóru, màámi á dìde, á tú báńdéèjì, á yọ POP, á ki ìrọ̀rí méjì sí i lábẹ́ orí, á ní, "Sùn, ọmọ mi, sùn." Tí èmi bá sì ń nà án lọ́sàn-án tó ń ké, màámi á dúró sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Àkànkẹ́, ṣé o fẹ́ parí ohun tí iná ò parí ni?"

Látọjọ́ náà ni ọwọ́ mi ò ti gbé e mọ́.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà. Ara ń yún un lóru débi pé ó máa ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Wọ́n sọ fún wa pé kó má jẹ ẹyin, kó má jẹ ẹja, pé àwọn ló ń mú àpá yún. Ó ti yí dígí inú yàrá dojú kọ ògiri. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tó jẹ́ pé orí àyà rẹ̀ ló máa ń sùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń sá sí tó bá ti rí i.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n máa nà án lọ pẹ̀lú ẹkún rẹ̀, àbí màámi ló tọ̀nà?

Bọ̀dé Ṣàgámù (Ọjọ́rú, 10:15 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ní tèmi o, màmá ló tọ̀nà. Ẹni tí iná jó ti jìyà tó. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á máa nà án fúnra wọn. Fún àpá náà, ẹ po àdín mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ máa fi pa á, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jókòó sóòrùn òwúrọ̀ díẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí awọ tètè dọ́gba.

Olúwaṣọ́mí (Ọjọ́rú, 11:02 alẹ́)

Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ọdún 2011, mo jẹ́ ọmọ ọdún 19, stóòfù karosíìnì gbiná mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ti da bẹntiróò lu karosíìnì náà kó tó dé ọwọ́ wa. Apá òsì mi àti àyà ló jóná jù. Nígbà tí mo délé, ìyá mi ṣe ohun tí màmá yín ń ṣe yìí gan-an. Kíká apá mọ́ra ló ń rọ̀ mí lọ́rùn, wọ́n sì jẹ́ kí n ká a. Wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ, wọ́n á bu omi tútù fún mi, wọ́n á jókòó tì mí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá dáadáa ni wọ́n, kò sí irú wọn.

Kó tó pé oṣù mẹ́rin, ìgbọ̀nwọ́ mi ti gan. Mi ò lè nà án rárá. Ọdún méjì ni mo fi gbé apá bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun sáyà. Mi ò lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì láìsí olùrànlọ́wọ́. Ọsibítù Igbóbì ní Èkó ni wọ́n ti bá mi tú u níkẹyìn: wọ́n gé àpá náà sílẹ̀, wọ́n tún bó awọ mìíràn láti itan mi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí àlàfo tó ṣí. Ẹni tí wọ́n ti bó awọ itan rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ, ibi tí wọ́n ti bó o máa ń ta ju ojú iná gan-an lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n tún gbé splint fún mi, wọ́n ní kí n máa na apá. Ohun tí mo sá fún lọ́jọ́ kìíní náà ni mo padà wá ṣe.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé ẹni tí wọ́n nà rí ló ní kí ẹ sọ fún un: ìṣẹ́jú kìíní ló burú jù. Á dà bíi pé iná náà ti padà dé. Tí ẹni tó mú un ò bá já a gbà, tó kàn dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́, awọ náà á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. Èèyàn á mọ̀ ọ́n lára, á dà bí ìgbà tí ẹnì kan tú kókó kan sílẹ̀ nínú okùn tó fún èèyàn mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti màmá yín ló ká mi lára jù. Ìyá mi wà ní yàrá ìdúró lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé apá mi. Nígbà tí wọ́n gbé mi jáde, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣe é." Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn. Títí dòní, wọn ò gbà.

Físíò Abẹ́òkúta (Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìdúró. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, mo sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ẹni tí iná jó. Mi ò rí àbúrò yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú wọn mọ gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ fún gbogbo ẹbí: ibi tó bá rọ aláìsàn lọ́rùn ni apá á gan sí. Ara tó ń san ń fa etí egbò pọ̀ mọ́ra, kì í sì í ṣíwọ́ nígbà tí egbò bá pa ojú dé. Àpá iná máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ awọ fún ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, kó tó rọ̀ kó sì pa rẹ́ sílẹ̀. Oṣù tí ẹ wà yìí gan-an ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Bọ̀dé, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí a bá dúró dìgbà ọdún tó ń bọ̀, ọ̀bẹ dókítà ló máa kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan awọ náà, á tún bó o. Kí wọ́n máa bo àpá náà mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, àárọ̀ o, ọ̀sán o, nítorí awọ tuntun kì í gba oòrùn, á dúdú kiri, á sì jóná lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mà, ẹ kọ́kọ́ kó ìrọ̀rí méjì yẹn kúrò. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ jóná kì í fi ìrọ̀rí sùn. Táwẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ká roboto, ẹ fi sábẹ́ èjìká kí orí lè wọ̀ sẹ́yìn, kí àgbọ̀n kọjú sókè. Kí apá ọ̀tún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé e lé orí nǹkan.

Ti nínà: tí dókítà bá ti kọ oògùn ìrora fún wọn, kí wọ́n lò ó ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ ṣe é lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí awọ gbóná tó sì rọ̀, kí ẹ fi òrí pa á. Ẹ rọra gbé e dé ibi tí àpá náà ti fẹ́ máa funfun, kí ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n. Ẹ má já a, ẹ má ta á. Díẹ̀ nígbà púpọ̀ lójúmọ́ ló sàn ju ìgbà kan ṣoṣo tó le koko. Tí awọ bá sán tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dúró, ẹ pe físíò yín. Kí àwọn fúnra wọn sì máa ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: kí wọ́n kọjú sí ògiri, kí ìka ọwọ́ ọ̀tún máa gun ògiri lọ sókè bí alángbá, kí ẹ máa sàmì sí ibi tó dé. Irora tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí kì í bani lẹ́rù bí èyí tí ẹlòmíràn ń darí.

Ẹ béèrè aṣọ tó ń fún àpá mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wákàtí 23 lójúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ìwẹ̀ àti ìpara nìkan ni wọ́n ń bọ́ ọ fún, ó sì lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì ni kó jẹ́, kí ọ̀kan wà lára nígbà tí wọ́n bá ń fọ èkejì. Mo mọ̀ pé oníṣòwò aṣọ ni yín, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rán an fún wọn o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó wọ̀n wọ́n, nítorí tó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn, tó bá sì dẹ̀, kò wúlò.

Iná ti jó ohun tó ń mú awọ ní ọ̀rá, ìdí nìyẹn tó fi gbẹ tó sì ń yún. Òrí tí kò ní lọ́fínńdà ni kí wọ́n máa fi pa á lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún lóòjọ́. Aṣọ òwú ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n gé èékánná. Tó bá yún, kí wọ́n fi aṣọ tútù lé e tàbí kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, kí wọ́n má họ ọ́. Tí oorun bá ṣì jìnnà, dókítà ní oògùn fún un.

Ẹyin àti ẹja? Ẹni tó ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ ṣì yín lọ́nà. Àwọn gan-an ni ara fi ń hun awọ. Ẹ fún wọn ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹran, bí agbára bá ti mọ. Ojú egbò tó bá tún ṣí tó kọ̀ tí kò jinná, ẹ gbé e lọ fún dókítà kíá.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo (Ọjọ́bọ̀, 1:35 ọ̀sán)

Àkànkẹ́ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Gáàsì ló jó ọkọ mi, ojú àti ọwọ́ méjèèjì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta.

Físíò ti sọ ti apá, èmi fẹ́ sọ ti ilé. Ẹ má bá màmá jà, ẹ má sì lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó ń gbọ́ igbe ọmọ tí kò ní ohun kan lọ́wọ́ tó lè ṣe, POP yẹn ló máa yọ dandan. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, oríkì ni wọ́n fi ń bá wa ka àkókò. Tí a bá ti gbé ọwọ́ náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, a ò ní sọ ọ́ kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá kì í dé ibi tí wọ́n ti máa ń dánu dúró. Àwọn ló wá ń sọ fún un pé, "Kò tíì tó, mo ṣì ń kì ọ́ lọ."

Ti ọmọ, ẹ má tì í síwájú bàbá rẹ̀ tipátipá. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn. Mo ní kí bàbá wọn máa pa àlọ́ láti inú yàrá, kí àwọn jókòó sí pálọ̀. Ó pẹ́, wọ́n wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó tún pẹ́, wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan béèrè pé, "Ṣé ó ń dùn yín?" Bàbá wọn ní, "Kò dùn mọ́, ó kàn ń yún." Ó ní òun á bá wọn fi òrí pa á.

Ti dígí, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe fi í. Òun náà ló máa yí i padà.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, ibi méjì péré ni mo ti rí ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, níbi tó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ, àti níbi tí ọmọ ti ń sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni ìyàwó nínú ìtàn tèmi. Oṣù méje ni gbogbo àlejò fi ń kọjá mi lọ béèrè pé, "Báwo ni ara ọkọ ẹ?" Ẹ wá a lọ lónìí, ẹ bi í léèrè bí òun ṣe wà.

Àkànkẹ́ Aláṣọ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́)

Ẹ kú àdúrótì wa o. Bọ̀dé, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé àánú ni.

Olúwaṣọ́mí, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí màámi, kíkà ni mo kà á, mi ò fi kún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá yín ti ní "Èmi ni mo ṣe é," wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n dìde, wọ́n lọ kó ìrọ̀rí méjèèjì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì Àjàní, wọ́n kó wọn wọ yàrá tiwọn. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Mo bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bó ṣe wà. Ó jókòó sílẹ̀ nínú kíṣínì, ó sunkún fún bí wákàtí kan, mo jókòó tì í. Ó ti lọ lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, mo ti ṣọ́ọ̀bù láti dúró fún un. Ó padà dé lánàá.

Ní ti oríkì, ọjọ́ kìíní kò rọrùn. Màámi bẹ̀rẹ̀, "Àjàní, ọmọ tí mo jà kí n tó ní," Àjàní ké, ohùn wọ́n já, wọ́n sá jáde. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń kì í lọ, wọ́n di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, èmi mú ti ọ̀tún, mo ń wo àpá abíyá yẹn bó ṣe ń funfun díẹ̀díẹ̀ létí. Mo dúró síbẹ̀. Mo rí i lójú ara mi tó jọ̀wọ́, kò ju bí ìbú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Àjàní náà mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tú."

Mo fi ṣọ́ọ̀kì téélọ̀ fa ìlà sára ògiri. Ìka rẹ̀ ti fi íǹṣì mẹ́rin kọjá ìlà ọjọ́ kìíní. Mo fi tépù wọ̀n láti àgbọ̀n rẹ̀ dé kòtò ọrùn: íǹṣì méjì àbọ̀ ló jẹ́ nígbà yẹn, mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni lónìí. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló dára. Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ ló yọ POP, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri, ó ní ó ti sú òun. Mi ò dá a lóhùn. Ó gbé e wọ̀ padà ní bí aago méjì òru, mo gbọ́ ọ.

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún aṣọ yẹn, wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ń jẹ ẹyin méjì láràárọ̀. Yíyún náà ti dín, kò tíì tán. Ọmọ rẹ̀ ò tíì sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó fi ìka kan ṣoṣo bọ inú òrí, ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sá lọ, ó tún padà wá, ó tún fi kàn án.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ dúró níbẹ̀ yẹn. Màámi ń pè mí, wọ́n ní àkókò POP ti tó.